Ẹ Gba Ìbọn Lọ́wọ́ Òṣìṣẹ́, Kí Ẹ Sì Gbé E Délé

Ilé iṣẹ́ tó bá kéde pé òṣìṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ gbé ìbọn wọ ọgbà òun, kódà kó jẹ́ inú bóòtù ọkọ̀ ara rẹ̀ ló fi pamọ́ sí, kò ṣẹ̀ sófin. Ohun tó tọ́ ló ṣe. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, tí ilé iṣẹ́ ọ̀hún wá tú òṣìṣẹ́ náà sílẹ̀ ní agogo méje alẹ́ kó máa wá ọ̀kadà tí yóò gbé e gba ẹ̀gbẹ́ igbó lọ sílé, ìwà ìkà ni.

Àwọn agbanisíṣẹ́ Ọ̀rẹ̀ àti Òdìgbó ni mò ń bá wí. Igi gẹdú, kòkó, ọ̀pẹ àti rọ́bà ló ń bọ́ agbègbè náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìlagi àti nínú àwọn oko ńláńlá ibẹ̀ ló jẹ́ ọdẹ tàbí ọmọ ọdẹ. Ìbọn ṣakabùlà kì í ṣe àjèjì nílé wọn. Bí àdá ṣe rí lójú àgbẹ̀ ló rí lójú wọn. Ẹ̀rù wá bá wọn lórí èyí. Ní ọjọ́ 12, oṣù keje, ọdún 2019, lójú ọ̀nà márosẹ̀ tó gba Ọ̀rẹ̀ kọjá, àwọn agbébọn yìnbọn pa Arábìnrin Fúnkẹ́ Ọlákùnrin, ọmọ Baba Reuben Fásọ̀ràntì, ẹni tó jẹ́ aṣáájú Afẹ́nifẹ́re nígbà náà. Nígbà tó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, Gómìnà Rótìmí Akérédolú pàṣẹ kí àwọn darandaran kúrò nínú àwọn igbó ọba ìpínlẹ̀ Òǹdó láàrin ọjọ́ méje, nítorí ọ̀rọ̀ ìjínigbé. Bí irú èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹni tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀, kí ni ẹni tó ń la pákó ní Ọ̀rẹ̀ yóò gbójú lé? Bí ìbọn ṣe ń wọ inú ọkọ̀ nìyẹn. Ẹ má pe gbogbo wọn ní jàǹdùkú.

Síbẹ̀, n kò lè bá wọn gbè é. Òfin ìbọn tí wọ́n ṣe lọ́dún 1959 ti pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Irú èyí tí ológun ń lò, àfi kí Ààrẹ fọwọ́ sí i. Ìbọn ọdẹ ti ìgbàlódé, ìwé àṣẹ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ni ènìyàn gbọ́dọ̀ ní. Ṣakabùlà pàápàá, tí a rò pé kò sẹ́ni tó ń bi wá léèrè rẹ̀, ó ní àṣẹ tirẹ̀ tí a ń gbà ní ìpínlẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn tí kò níwèé mọ́ lọ́wọ́, òfin ọdún 1984 lórí ìdigunjalè àti ìbọn ní kó san 20,000 náírà, tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n tí kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 10, tàbí kó ṣe méjèèjì. Ta ni yóò bọ́ ọmọ rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá?

Ẹ jẹ́ ká wá ní ìwé àṣẹ rẹ̀ pé. Ọkọ̀ náà yóò wà nínú oòrùn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹni tó ni ín yóò sì wà nídìí ẹ̀rọ. Ta ni yóò máa ṣọ́ ìbọn? Ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu géètì ni. Òfin ọdún 1986 tó de àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ aládàáni kò sì gbà kí ẹ̀ṣọ́ yìí fọwọ́ kan ìbọn lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. A jẹ́ pé ẹni tó mú kóńdó dání la ní kó máa ṣọ́ ìbọn tó wà nínú ọkọ̀ mẹ́wàá. Bí olè bá gbọ́, ṣé kò ní í wá?

Àwọn kan á ní wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Òótọ́ ni. Lọ́dún 2002, ilé iṣẹ́ Weyerhaeuser tó ń fi igi ṣe bébà ní ìlú Valliant, ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, lé àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá ìbọn nínú ọkọ̀ wọn. Inú bí ará ìlú, nítorí ọdẹ ni àwọn náà. Lọ́dún 2004, ìpínlẹ̀ náà ṣòfin pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ ka irú ìbọn bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì fọwọ́ sí òfin náà lọ́dún 2009. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ láti ní ìbọn wà nínú ìwé òfin wọn, kò sí nínú tiwa. Lọ́dọ̀ wọn náà, inú ọkọ̀ ti di ibi tí olè ti ń rí ìbọn jí jù.

Ibi tí mo ti bá àwọn agbanisíṣẹ́ jà nìyí. Wọ́n máa ń sọ pé ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn géètì kò kan àwọn. Òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ka ìjàǹbá tó bá ṣẹlẹ̀ sí òṣìṣẹ́ láàrin ibi iṣẹ́ àti ilé rẹ̀ mọ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ sanwó lé lórí. Náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún náírà owó oṣù ni òfin ní kí agbanisíṣẹ́ máa san fún àjọ NSITF nítorí rẹ̀. Mélòó nínú àwọn tó ń ka ìbọn léèwọ̀ ló ń san án?

Ẹni tó bá gba ìbọn lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ti gba ọ̀nà tí ẹni náà rò pé òun fi ń dáàbò bo ara òun. Ó yẹ kó fi nǹkan dípò rẹ̀: kí iṣẹ́ parí kí ilẹ̀ tó ṣú, kí bọ́ọ̀sì kan wà tí yóò kó wọn lọ pọ̀, kí wọ́n bá Àmọ̀tẹ́kùn sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì náà ń gbà. Òfin tó dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní Òǹdó ti wà láti oṣù kẹta ọdún 2020, iṣẹ́ wọn sì ni. Ní ti ọdẹ tó ti inú igbó wá síbi iṣẹ́ tààrà, kó má wọlé. Kó kọ́kọ́ lọ gbé ìbọn rẹ̀ sílé, kí ẹnikẹ́ni má sì gé owó rẹ̀ nítorí pé ó pẹ́.

Mo mọ̀ pé oníléèlagi kékeré á ní òun kò lówó bọ́ọ̀sì. Òun nìkan kò lówó ọ̀hún lóòótọ́. Àmọ́ àwọn mẹ́fà tí ọgbà wọn kángun síra wọn ní in. Ọ̀gá tó bá sì ṣì ń ṣiyèméjì, kó gun ọ̀kadà láti Ọ̀rẹ̀ lọ sí Òdìgbó lẹ́yìn agogo méje alẹ́, lálẹ́ ọjọ́ kan péré, kó tó mú bírò láti kọ òfin rẹ̀.