Ọ̀la Mẹkáníìkì

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ alùpùpù wa ni a fẹ́ bá yín sọ. Ó pé ọ̀sẹ̀ méje báyìí tí ó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, ẹsẹ̀ ni a sì fi ń sin àwọn ọmọ lọ sí ilé-ìwé.

Èéfín tó rí bí aró ni ó ń tú. Mẹkáníìkì ní ríìngì písítìn ló ti jẹ, òun ni ọ́ìlì fi ń ráyè kọjá tí ó sì ń jó pẹ̀lú epo bẹntiróòlù. A sanwó, ó pààrọ̀ ríìngì. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta, èéfín tún bẹ̀rẹ̀, a sì gbé e padà. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni à ń gbọ́: "Ẹ má bínú, Dádì, ọ̀la lẹ máa gùn ún lọ." Ọ̀la á dé, a ó bá ẹ́ńjìnnì ní títú sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, a pariwo mọ́ ọmọkùnrin náà lójú àwọn oníbàárà rẹ̀, a pè é ní òpùrọ́. Nígbà tí a délé tí a ń ròyìn, ọmọ wa obìnrin ní, "Dádì, ẹ̀yin náà ní ọ̀la lẹ máa kan ẹsẹ̀ tábìlì tí mo fi ń kàwé." Ẹnu wa wọhò. Tábìlì yẹn ti kán lẹ́sẹ̀ kí alùpùpù tó bàjẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, a padà lọ, a fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í pé, "Ọmọ mi, kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?" Ó wolẹ̀. Ó ní láti ìbẹ̀rẹ̀ ni òun ti rí i pé inú sílíńdà ti jẹ, ó yẹ kí wọ́n fi ẹ̀rọ fá a, kí wọ́n sì fi písítìn tó tóbi díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun dá owó ríìngì nìkan, tí a fi ìbínú dáhùn, ẹ̀rù bà òun láti sọ èyí tó kù.

Ẹ̀yin ará, irọ́ rẹ̀ kò dára, owó ríìngì sì ṣòfò. Ṣùgbọ́n ìbínú wa ló ti ilẹ̀kùn mọ́ òtítọ́. Nítorí náà, kí ẹ tó fi ọkọ̀ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u lójú yín. Ẹ gbọ́ gbogbo ohun tó bàjẹ́ pẹ̀lú sùúrù kí ẹ tó dúnàádúrà. Ẹ kọ ohun tí ẹ ó rà sílẹ̀, ẹ gba ògbólógbòó tí wọ́n yọ, ẹ má sì san owó iṣẹ́ tán kí ẹ tó gùn ún wò.

Bí a ti ń kọ èyí, alùpùpù wa kò tíì jáde, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sílíńdà lọ fá ni. Ṣùgbọ́n a ti kan tábìlì. Ta ló ń dúró de ọ̀la tiyín nínú ilé?

Ó di oṣù tó ń bọ̀ o.