Ẹ Yé Dúró De Adebayor Kejì

Ìjà ni mo bá wá lónìí, ẹ má bínú.

Láti ìgbà tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìpegedé fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2026 ti parí, tí Senegal gba ipò kìíní ní ìsọ̀rí wa, tí àwa Togo sì padà sílé lọ́wọ́ òfo, ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo ń gbọ́ níbikíbi tí àwọn ọkùnrin bá ti jókòó ti ìgò sódàbì. Àwọn kan ní kí á fi Éperviers sílẹ̀, kí á kúkú máa tẹ̀lé Super Eagles, ṣebí Yorùbá náà ni àwa Ifẹ̀-Ànà. Àwọn kejì ní kí á ní sùúrù, pé Ọlọ́run tó fún wa ní Adebayor yóò tún fún wa ní òmíràn. Mi ò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ló sì ń bí mi nínú jù.

Ta ni kò fẹ́ràn Adebayor? Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lomé, Sheyi tí gbogbo ayé mọ̀, ẹni tó jẹ góòlù 11 kí á tó lè dé Jámánì ní 2006, tí wọ́n fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà ní 2008. Nígbà tí Mohamed Kader gbá bọ́ọ̀lù wọlé Gúúsù Kòríà ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ọdún 2006, mo wà ní Djama, níwájú tẹlifíṣọ̀n kan tí a tó ogójì ènìyàn tó yí i ká. Ìyá àgbà kan tí kò mọ bọ́ọ̀lù yàtọ̀ sí àgbọn sọ ìborùn rẹ̀ sókè, ó ń jó. Mi ò lè gbàgbé ọjọ́ náà, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni gbàgbé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n tí a bá máa rántí rẹ̀, ẹ jẹ́ ká rántí rẹ̀ dé òpin. Kòríà dá góòlù náà padà, wọ́n tún fi ẹyọ kan lé e. Switzerland jẹ méjì, Faransé jẹ méjì, àwa kò sì rí nǹkan kan jẹ mọ́. Stephen Keshi tó mú wa pegedé, wọ́n ti lé e kí á tó gbéra. Otto Pfister tó rọ́pò rẹ̀ bínú fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ owó àwọn agbábọ́ọ̀lù, kò pẹ́ ó tún padà dé. Àwọn ọmọ náà fẹ́ kọ̀ láti wọ pápá pẹ̀lú Switzerland. FIFA ló dá sí i. Ọdún tí ìràwọ̀ wa tàn jù nìyẹn o, bí ilé wa sì ṣe rí nìyẹn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2010 ni àwọn kan tún kó ayédèrú ikọ̀ lọ sí Bahrain lórúkọ Togo, Bahrain nà wọ́n 3-0, gbogbo ayé sì fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. (Ti Cabinda, ní oṣù kìíní ọdún kan náà, níbi tí àwọn oníbọn ti kọ lu bọ́ọ̀sì ikọ̀ wa, tí Améleté Abalo àti Stanislas Ocloo sì bá a lọ, mi ò kà á mọ́ èyí. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni nílé. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.)

Ẹnìkan yóò ní, 2013 ńkọ́? Òótọ́ ni. Ní Gúúsù Áfíríkà, a na Algeria 2-0, a gbá ọ̀mì pẹ̀lú Tunisia, a wọ ìpele àwọn mẹ́jọ tó kẹ́yìn, Burkina Faso ló dá wa dúró pẹ̀lú góòlù kan ní àfikún àkókò. Adebayor wà níbẹ̀. Mo gbà. Àmọ́ kí ni a fi kọ́ lẹ́yìn ìyẹn?

Láti 2017 ní Gabon, Togo kò tún dé Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà mọ́, èyí tí àwa níbí ń pè ní CAN. Ìgbà mẹ́rin léra! Ẹ wo àwọn tó kọjá lára wa. Fún 2019, Benin ni, 2-1 ní Kútọnu ní ọjọ́ ìkẹyìn. Wọ́n lọ sí Íjíbítì, wọ́n lé Morocco wálé, wọ́n sì dé ìpele àwọn mẹ́jọ. Fún 2021, Comores ni, orílẹ̀-èdè tí ènìyàn ibẹ̀ kò tó mílíọ̀nù kan. Lomé ńbí ni wọ́n ti wá nà wá 1-0, a sì ṣe ìgbẹ̀yìn ní ìsọ̀rí náà. Nígbà tí wọ́n dé ibi ìdíje, wọ́n na Ghana. Fún 2023, Cap-Vert ni, tí ènìyàn wọn jẹ́ nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù. Àwọn yẹn ti pegedé fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé báyìí. Fún 2025, Guinée Équatoriale ni, lẹ́yìn tí Algeria ti fi 5-1 lù wá bí aṣọ òfì. Àwa ju mílíọ̀nù mẹ́jọ lọ.

Ta ni Adebayor Comores? Ta ni Adebayor Cap-Vert? Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún mi. Kò sí. Ohun tí wọ́n ní ni pé Comores fi Amir Abdou sílẹ̀ sídìí iṣẹ́ láti 2014 títí di 2022, Cap-Vert fi Bubista sílẹ̀ láti 2020, wọ́n sì wá àwọn ọmọ wọn rí níbi tí wọ́n wà ní Faransé àti ní Pọ́túgà, wọ́n bẹ̀ wọ́n, wọ́n tọ́jú wọn. Kì í ṣe pé pípẹ́ nìkan tó o. Claude Le Roy lo nǹkan bí ọdún márùn-ún lọ́dọ̀ wa, a mọ ibi tó já sí. Kóòṣì tó pẹ́ lórí ilé tí kò ní ìpìlẹ̀, bí ìgbà tí a bá ń kun ògiri tó ti ń wó ni.

Ẹ̀yin tó ń dúró de ìràwọ̀, ìràwọ̀ wà ńlẹ̀ pàápàá. Kévin Denkey, ọmọ tí wọ́n bí ní Lomé, òun ló jẹ góòlù jù ní líìgì Belgium ní 2023 sí 2024, góòlù 27, kí Cincinnati ní Amẹ́ríkà tó fi owó gọbọi rà á. Síbẹ̀ a kò pegedé. Kí ẹ tún fẹ́ kí Ọlọ́run ṣe?

Ẹ̀yin ará Super Eagles, ẹ̀yin náà ẹ má sá lọ. Èmi náà ń yọ̀ tí Nàìjíríà bá borí, ẹ̀jẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà kò dé Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2022, kò sì dé ti 2026. Tí wọ́n bá tún kùnà, ibo ni ẹ óò tún kó lọ? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 14 tó ń ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ àdúgbò, bi mí lóṣù tó kọjá pé, “Bàbá Kékeré, ṣé wọ́n lè gbà mí ní Nàìjíríà?” Mo ní kí ló dé. Ó ní, “Ṣebí gbogbo yín lẹ ní Togo ò dáa.” Ẹnu mi wọhò. Ẹnu wa ló ti gbọ́ ọ, lábẹ́ igi, níbi tí a ti ń bú àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

Èmi gbà pé ìrètí wà. Nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún Daré Nibombé ní 2024, ẹni tó wà lára àwọn tó lọ Jámánì, mo gbọ́ tí àwọn kan ní Atakpamé níbí ń ṣú ṣùtì pé ọmọ ilé ni, kí ni yóò mọ̀. Ọmọ ilé kan náà tí ẹ ń fi 2006 rẹ̀ yangàn! Tí ẹ bá bi mí, ọmọ ilé ni kí wọ́n máa fi síbẹ̀, kí wọ́n sì sọ fún un pé CAN 2027 ti Kenya, Tanzania àti Uganda kì í ṣe ìgbẹ̀jọ́ ikú. Kí wọ́n san owó àwọn ọmọ náà lásìkò, kí á má tún rí ti Jámánì mọ́.

Ṣùgbọ́n mi ò lágbára lórí Lomé, tó tó 160 kìlómítà síbí. Ohun tí mo lágbára lé ni Ifodjè ìlú wa. Tí Ifodjè bá ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ wo ibi tí àwọn tó ń pariwo jù wà: wọ́n wọ aṣọ Chelsea, wọ́n ń sanwó wo bọ́ọ̀lù London nínú yàrá tó móoru. Owó tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ kò rà ni owó bàtà tí ọmọ náà kò ní. Ní àdúgbò tèmi, òkúta pọ̀ lórí pápá àwọn ọmọ ju koríko lọ. Mo ti ní kí á yan ọjọ́ Sátidé kan lọ ṣa á, àwa mẹ́ta la jáde. Mẹ́ta! Àwọn tó mọ ibi tí Nibombé ti ṣìṣe ní ìṣẹ́jú kẹẹ̀ẹ́dọ́rin tó ọgọ́rùn-ún.

Sátidé tó ń bọ̀ a tún ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fún mi lésì, kó mú ṣọ́bìrì dání wá bá mi níbẹ̀. Ẹ̀yin ará Benin tó ń ka èyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún wa nísàlẹ̀ bí ẹ ṣe ń bójú tó àwọn ọmọ kékeré ní Kétu àti Ṣábẹ̀ lọ́dọ̀ yín, mo fẹ́ mọ̀ ọ́n gan-an.