Wai-Fai orí òpó: ẹ mọ ohun tí ẹ ń so, kó má baà so yín

Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì bá ẹ̀rọ Wai-Fai mu pátápátá, ìyẹn èyí tí àwọn ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́ fẹ́ máa gbé kọ́ sórí òpó níwájú ìsọ̀ wọn ní Mówè, ní Ìbàfò àti ní Ìfọ̀.

Wọn ò jẹ̀bi. Télọ̀ fẹ́ wo sítáì tuntun kó lè fi han oníbàárà. Ìyá aláṣọ fẹ́ ya àwòrán àǹkárá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mẹkáníìkì fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tí kò rí rí. Ti ẹni tó ń fi POS ṣòwò kò tilẹ̀ ṣeé sọ: bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá lọ, ọjà rẹ̀ náà ti lọ nìyẹn. Kálukú wá ń ra dátà tirẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀, owó sì ń jò lọ bí omi inú apẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di oṣù January 2025, àjọ NCC tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ tẹlifóònù fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù fi owó kún owó, ó sì lè tó náírà 50 lórí náírà 100. Àtìgbà náà ni ọ̀rọ̀ dátà ti di ọ̀rọ̀ àpérò.

Ìdí nìyẹn tí ìsọ̀ mẹ́wàá fi lè kó ara wọn jọ pé: "Ẹ jẹ́ ká dáwó, ká ra ẹyọ kan, ká gbé e sókè, kí gbogbo wa máa mu níbẹ̀." Èrò tó dáa ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń so, owó ló fi ń ṣeré, ó sì lè fi ẹ̀mí ṣeré pẹ̀lú.

ẸNU ẸRỌ NI, KÌ Í ṢE KÀNGA

Àwọn arúgbó á rántí asọ̀rọ̀mágbèsì, àpótí tí ìjọba òyìnbó kọ́kọ́ mú wọ Èkó lọ́dún 1935. Wáyà ló ń gbé ọ̀rọ̀ wá sínú rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀, kì í gba èsì. Wai-Fai kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń gbèsì, kò sì sí wáyà láàárín òun àti fóònù ẹni tó ń lò ó. Ìgbì rédíò ló ń gbé e lọ, tó ń gbé e bọ̀.

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ ni pé wọ́n rò pé ẹ̀rọ orí òpó ló ń ṣe íntánẹ́ẹ̀tì jáde. Rárá o. Ará Mówè àti Ìbàfò tó ń gbẹ́ kànga sínú ọgbà rẹ̀ mọ̀ pé ẹnu ẹ̀rọ kọ́ ló ni omi. Kànga ló ni omi. Bí kànga bá gbẹ, kí wọ́n ra ẹnu ẹ̀rọ oníwúrà, omi ò ní jáde. Kànga Wai-Fai ni mọdẹ́mù tó ní síìmù nínú, tó ń bá máàsì sọ̀rọ̀, tàbí àwo tó ń gbà á láti ojú ọ̀run bíi Starlink, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní January 2023. Kànga náà tún ní orísun tó jìnnà sí i, ìyẹn okùn tó gba abẹ́ òkun wá. Lọ́jọ́ 14 oṣù March 2024, okùn bẹ́ẹ̀ já ní ìhà Abidjan, lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, àwọn báńkì níbí sì mọ̀ ọ́n lára.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó ná kọ́bọ̀, kó yá fóònù tó ní síìmù MTN, Airtel àti Glo, kó dúró níbi tó fẹ́ ri òpó sí, kó sì dán wọn wò. Kó dán an wò láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti ní aago mẹ́jọ alẹ́. Ti alẹ́ yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lọ́dún 1978, èrò ò yé tẹ̀dó sí Ìbàfò àti Mówè. Ọ̀pọ̀ wọn ń jí lọ sí Èkó, wọ́n ń padà wálé lálẹ́, gbogbo wọn á sì rọ́ lu máàsì kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Síìmù tó ń sáré lọ́sàn-án lè máa rá kòrò lálẹ́.

IBI TÍ Ó YẸ KÓ WÀ

Ẹ̀rọ inú yàrá kì í ṣe ẹ̀rọ ìta. Ẹni tó bá fi náílọ́nù wé ti inú ilé, tó gbé e síta, ooru ni yóò kọ́kọ́ sè é, òjò á wá parí rẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe fún ìta máa ń ní àmì IP65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lára páálí rẹ̀. Àmì yẹn ló ń sọ pé eruku àti omi kò ní wọ inú rẹ̀.

Kí wọ́n gbé e ga ju òrùlé lọ, nítorí irin ni páànù, irin sì máa ń dá ìgbì rédíò padà. Igi máńgòrò tí òjò pa náà máa ń fa agbára rẹ̀ mu. Ìgbì méjì ló sì máa ń wà nínú ẹ̀rọ kan: 2.4GHz àti 5GHz. Ti 2.4 ń rìn jìnnà, ó ń la ògiri kọjá dáadáa, àmọ́ èrò pọ̀ lójú ọ̀nà rẹ̀. Ti 5 yára ju ìyẹn lọ, àmọ́ kì í lọ jìnnà. Kí wọ́n ṣí méjèèjì. Lórí 2.4, ojú ọ̀nà 1, 6 tàbí 11 ni kí wọ́n mú, nítorí àwọn mẹ́ta yìí kì í forí gbárí. Èyí tí aládùúgbò ò bá lò ni kí wọ́n lò.

Ẹ má jẹ́ kí olùtajà fi "ó ń lọ tó máìlì kan" tàn yín. Ẹ̀rọ orí òpó lè pariwo kó dé ọ̀nà jínjìn, ṣùgbọ́n ohùn fóònù ọwọ́ kéré. Bí fóònù bá gbọ́ ẹ̀rọ, tí ẹ̀rọ ò gbọ́ fóònù, kò sí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ níbẹ̀.

Òpó iná ìjọba kì í ṣe òpó yín o! Iná tó wà lókè yẹn kì í kìlọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kí wọ́n ri òpó tiwọn, kó jìnnà sí wáyà iná débi pé bó bá tilẹ̀ wó, kò ní kàn án.

WÁYÀ, ÀRÁ ÀTI BÁTÌRÌ

Wáyà kan ṣoṣo ló ń gbé iná àti ọ̀rọ̀ lọ sínú ẹ̀rọ orí òpó. Kò gbọdọ̀ gùn ju mítà 100 lọ, kó sì jẹ́ èyí tí oòrùn kì í tètè jẹ. Ayédèrú wà lọ́jà: álúmíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò lójú. Ẹ fi ọ̀bẹ ha á. Bí inú rẹ̀ bá funfun, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín. Níbi tí wáyà ti fẹ́ wọlé, kí wọ́n jẹ́ kó rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè wọlé, kí òjò lè kán síta dípò kó tọ wáyà wọnú ìsọ̀.

Ti àrá ńkọ́? Ṣàngó kì í béèrè ẹni tó ni òpó. Kí wọ́n fi wáyà bàbà so òpó irin mọ́ ọ̀pá tí wọ́n gbá wọlẹ̀ dáadáa, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tó ń dá agbára àrá dúró sójú wáyà. Síbẹ̀, bí àrá bá ṣubú lu òpó gan-an, kò sí ẹ̀rọ tó lè fọwọ́ sọ̀yà. Bí òjò bá ti ń ṣú, kí wọ́n tètè yọ wáyà lójú iná. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan òpó náà mọ́.

Ní ti iná, ẹ̀rọ yìí kì í jẹun púpọ̀. Bí ti orí òpó bá ń jẹ 10 watt, tí mọdẹ́mù ń jẹ 10, ó di 20. Bátìrì 12 volt tó jẹ́ 100Ah ní 1,200 nínú. Bí wọn ò bá lò ju ìdajì lọ kí bátìrì má baà tètè kú, 600 nìyẹn. Pín 600 sí 20, wákàtí 30 ló jẹ́. Sólà kékeré á máa kún un padà. Kò sídìí láti máa tan jẹnẹrétọ̀ nítorí rẹ̀.

KỌ́KỌ́RỌ́ ILÉ

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Wọ́n á so ẹ̀rọ dáadáa, wọ́n á wá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Bí ọ̀rọ̀ ṣe yẹ kó rí nìyí láàárín ìyá aláṣọ àti ọmọ tó ń so ẹ̀rọ:

"Màámi, ṣé ká ṣí i sílẹ̀ kí oníbàárà lè máa rí i lò?"

"Ṣí i sílẹ̀ kẹ̀! Ìwọ ọmọ yìí, ṣé mo máa ń ṣí ìsọ̀ mi sílẹ̀ lọ sùn ni?"

"Rárá o, mà."

"Fi kọ́kọ́rọ́ sí i, jàre. Ṣùgbọ́n má fún mi léyìí tí mi ò ní lè rántí."

"Ẹ mú ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bára tan, ká so wọ́n pọ̀. Ẹ má lo orúkọ ọmọ yín, ẹ má lo nọ́ńbà fóònù yín."

Ọmọ yẹn mọṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà, ẹ má gbàgbé. Èkíní ni ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Láti ilé iṣẹ́ ló ti máa ń bá a wá, ó sì lè jẹ́ "admin" lásán, tí gbogbo ayé mọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá so ó ni kí wọ́n yí i padà. Èkejì ni ti àwọn tó ń lò ó: WPA2 tàbí WPA3 ni kí wọ́n yàn níbẹ̀. Kí wọ́n sì dá orúkọ méjì sílẹ̀, ọ̀kan fún POS àti àwọn tó dáwó, ọ̀kan fún àlejò. Kí wọ́n tẹ ibi tí kò ní jẹ́ kí fóònù àlejò kan rí ti ẹlòmíì. Kí wọ́n dín ìwọ̀n tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè fà kù, torí fídíò wákàtí kan lè jẹ tó 1GB. Ọmọ-iṣẹ́ kan tó ń wo fíìmù lè pa iṣẹ́ ìsọ̀ mẹ́wàá.

ORÚKỌ TA NI WỌ́N FI RA Á?

Síìmù inú mọdẹ́mù ní orúkọ àti NIN ẹnì kan lára. Bí oníjìbìtì bá fi Wai-Fai yẹn lu èèyàn, ẹnu ọ̀nà ẹni tó ni síìmù ni ọlọ́pàá yóò kọ́kọ́ kàn. Kò sí ìgbádùn nínú kéèyàn máa ṣàlàyé ní àgọ́ ọlọ́pàá pé "èmi kọ́, àlejò ni." Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2015 nípa ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà sọ pé kí àwọn tó ń ṣe káfẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n sì ní ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó ń lò ó sí. Ìsọ̀ tó fẹ́ máa tà á fáráyé, kó kọ́kọ́ pe NCC lórí 622, kó béèrè ìwé àṣẹ tó yẹ. Kí àwọn tó kàn dáwó jọ fúnra wọn náà ní ìwé kékeré: ta ló gba kọ́kọ́rọ́, lọ́jọ́ wo. Bí ẹnì kan bá kó jáde nínú wọn, kí wọ́n pa kọ́kọ́rọ́ dà lọ́jọ́ náà.

Owó ló máa ń tú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ká, kì í ṣe àrá. Kí wọ́n tó rà á, kí wọ́n fẹnu kò: èló lóṣooṣù, ọjọ́ wo, ta ló ń gbà á, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò san. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí kálukú tẹ̀ka. Kí wọ́n máa fi díẹ̀ pamọ́ de ọjọ́ tí bátìrì yóò kú, torí yóò kú.

Ìfọ̀ mọ ohun tí ọ̀nà ń ṣe fún ìlú. Ojú irin ló sọ ọ́ di oríta tí wọ́n ti ń yà sí Ìdogò. Wai-Fai náà ọ̀nà ni. Ọ̀nà tí èèyàn bá tún ṣe, ire ló ń gba ibẹ̀ wọlé. Èyí tó bá fi sílẹ̀ láìní ṣọ́, olè á gba ibẹ̀. Ìsọ̀ tó bá ti gbé tirẹ̀ kọ́, kó kọ̀wé sí ojú ewé lẹ́tà, kó sọ bó ṣe rí, kí ẹlòmíì lè fi kọ́gbọ́n.