Ogún Ìṣẹ́jú Kò Tó Láti Fi Mọ Ọmọ

Òwe kan wà tó ti lé ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin kúrò lórí pápá, òun ni mo sì fẹ́ bá ṣẹjọ́ lónìí. Àwọn àgbà ní ọmọ tó máa jẹ́ Àṣàmú, kékeré ló ti ń jẹnu ṣámúṣámú. Ó dùn létí, mi ò sì ní bú ẹni tó kọ́kọ́ pa á. Ṣùgbọ́n òwe yìí ni akọ́nimọ̀ọ́gbá, aṣojú agbábọ́ọ̀lù àti alága ẹgbẹ́ fi ń bo ìmẹ́lẹ́ wọn mọ́lẹ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n á pe igba ọmọ jọ, wọ́n á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ogún ìṣẹ́jú, wọ́n á nawọ́ sí mẹ́ta, wọ́n á ní kí ìyókù máa lọ sílé. Tí ẹ bá bi wọ́n pé báwo lẹ ṣe mọ̀, wọ́n á ní ojú àwọn ti là sí bọ́ọ̀lù, pé ẹ̀bùn kì í fara sin.

Irọ́ ni. Ẹ̀bùn máa ń fara sin dáadáa, pàápàá lára ọmọ tí kò tíì dàgbà.

Sabonjida ni mò ń gbé, ní Tamale, ní àríwá Gánà. Orúkọ Hausa ni, ilé tuntun ló túmọ̀ sí. Bí sáà bọ́ọ̀lù tuntun bá ti ń súnmọ́, ìdánwò á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní ìlú yìí bí olú, èyí tí àwọn ọmọ Gánà ń pè ní “justify”: wá fi hàn pé o yẹ. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ọmọ ọdún 14 ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun yẹ. Ẹni tó jókòó sórí àga oníke lábẹ́ igi, tó ń wò ó, kò sẹ́ni tó ní kó fi ohunkóhun hàn.

Tí ẹ bá ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ irú pápá bẹ́ẹ̀ rí, ẹ mọ bó ṣe ń lọ. Ilẹ̀ pupa, eruku, jésì tí wọ́n fi máákà kọ nọ́ńbà sí. Ọmọ tó jẹ́ pé àárín ló ti ń gbá láti kékeré, wọ́n á ní kó lọ dúró lẹ́yìn lọ́wọ́ òsì, torí pé ibẹ̀ ló ṣófo. Àwọn méjìlélógún tó wà lórí pápá kò mọ orúkọ ara wọn. Ta ló máa wá fún ta ní bọ́ọ̀lù? Ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù fún ẹlòmíràn ti gbé àǹfààní tirẹ̀ fún un nìyẹn. Nítorí náà kálukú á dorí kodò, á máa dá a gbá, títí wọ́n á fi gbà á lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ àjọṣe là ń wá èèyàn fún, ìmọtara-ẹni-nìkan la sì ń fún lẹ́bùn. Ọmọ tó gbọ́n jù lórí pápá, tó ń fi bọ́ọ̀lù kan péré tú ọ̀nà fún ẹlòmíràn, òun ni kò sẹ́ni tó máa rántí nọ́ńbà rẹ̀.

Kí ni ogún ìṣẹ́jú wá lè fi hàn? Ó lè fi hàn pé ọmọ kan ga, pé ó ń sáré, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ le. Kò lè fi hàn bóyá ohun tí kò mọ̀ lóṣù yìí, ó máa mọ̀ ọ́n lóṣù tó ń bọ̀. Kò lè fi ohun tó máa ń ṣe hàn nígbà tí wọ́n bá ti fi góòlù méjì ṣíwájú ikọ̀ rẹ̀, tí òjò sì ń rọ̀.

Ọ̀rọ̀ gíga yìí ló gbé mi lọ sí ibi tí ẹ ò rò, orílẹ̀-èdè Kánádà, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń gbá họ́kì lórí yìnyín. Ní 1985, Roger Barnsley àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé ìwádìí kan jáde lórí oṣù tí wọ́n bí àwọn agbá-họ́kì. Àwọn tí wọ́n bí ní January sí March ló kún inú àwọn líìgì ńláńlá; àwọn tí wọ́n bí ní October sí December kò tó nǹkan. Kì í ṣe ìràwọ̀ ló fà á. Ọjọ́ kìíní oṣù January ni wọ́n fi ń pín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ ọjọ́ orí. Ọmọ January fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọdún kan ju ọmọ December lọ, ara rẹ̀ tóbi jù, wọ́n sì ní òun ló lẹ́bùn. Nígbà tí wọ́n ti yàn án, ó rí akọ́ni tó dára jù, ó rí àyè gbá jù, nígbà tó sì di ọmọ ọdún 16, ó ti dára jù lóòótọ́. Ìdájọ́ tí kò tọ́ ló bí òtítọ́ tó wá dá a láre. Àwọn tó yàn án á sì máa dunnú pé àwọn mọ èèyàn.

Kánádà nìyẹn o, níbi tí gbogbo ọmọ ti ní ìwé ọjọ́ ìbí. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Àwa Yorùbá tó wà ní Tamale kò gbàgbé ohun tí ìwé lè ṣe fún èèyàn: ní November 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, àwọn tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú ọjà di ẹrù wọn padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ṣakí. Lónìí ìwé ti di ohun tí à ń rà. Ọdún 2009 ni FIFA bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ wo egungun ọrùn ọwọ́ àwọn tó bá fẹ́ gbá ife ẹ̀yẹ àgbáyé ti àwọn tí kò tíì ju ọdún 17 lọ. Láti ìgbà náà la ti ń bú àwọn ọmọ àti òbí wọn ní oníjìbìtì.

Jìbìtì ni, mi ò gbèjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń ra ọjà náà? Ẹni tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá tó ń wá ara ọmọ ogún ọdún nínú ìwé ọmọ ọdún 15, òun ló dá ọjà sílẹ̀. Ọmọ ọdún 15 tòótọ́, tí ohùn rẹ̀ ò tíì kẹ̀, á bá ara rẹ̀ níwájú ẹni tó ti ń fá irùngbọ̀n, wọ́n á gbá a dànù lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ní kò lágbára. Olóòótọ́ ló ń sanwó ìtanràn níbẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká wo àwọn Àṣàmú fúnra wọn. Ní 1991, Gánà gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé ti àwọn ọ̀dọ́ ní Ítálì, Nii Lamptey ló sì gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù. Láti ibẹ̀ ó ń ti ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, kò sì dé ibi tí gbogbo ayé ti fi í sí. Ilé ìwé ló padà dá sílẹ̀ nílùú Accra. Ní 2009 ní Nàìjíríà, Sani Emmanuel ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ náà, ṣùgbọ́n Switzerland ló fi góòlù kan sí òdo na Nàìjíríà ní àṣekágbá l’Ábùjá, Granit Xhaka tó wà nínú ikọ̀ wọn ló sì wá di balógun orílẹ̀-èdè rẹ̀.

Ẹnì kan á ní, Victor Osimhen ńkọ́? Ó tọ̀nà. Ní 2015 ní Chile, Osimhen gbá góòlù mẹ́wàá sáwọ̀n, ní 2023 ó di agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà. Ó ń jẹnu ṣámúṣámú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní Chile yẹn kan náà, Kelechi Nwakali ni àwọn onídàájọ́ sọ pé ó dára jù. Arsenal mú un ní 2016, ó sì kúrò níbẹ̀ ní 2019 láì gbá eré kan fún ikọ̀ àgbà wọn. Eré méje ni wọ́n fi wo ọmọ yìí, pẹ̀lú àwọn tó dára jù lágbàáyé níwájú rẹ̀, wọn ò sì mọ ibi tó ń lọ. Ẹni tó fi ogún ìṣẹ́jú wo ọmọ ní Sabonjida wá fẹ́ sọ fún wa pé òun mọ̀.

Nílùú yìí, Abdul Fatawu Issahaku ni wọ́n máa ń fi dá wa lóhùn. Ọmọ Tamale ni, ó gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nígbà tí Gánà gba ife Áfíríkà ti àwọn ọ̀dọ́ ní Mauritania ní 2021, ó lọ sí Sporting ní Pọ́túgà, ó sì dé Leicester. Mo yọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Àmọ́ inú ìdíje, nínú ẹgbẹ́ Steadfast, ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Eré lẹ́yìn eré ni.

Owó ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Tí igba ọmọ bá san àádọ́ta sídì fún ìforúkọsílẹ̀, ẹgbàárùn-ún sídì nìyẹn kí wọ́n tó fọn fèrè. Irú ọjà bẹ́ẹ̀ kò nílò pé kó rí ẹnikẹ́ni. Àwọn tí wọ́n lé ló máa padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn kan tiẹ̀ ń ṣèlérí Yúróòpù fún ọmọ ọdún 15. Òfin FIFA kò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kúrò ní orílẹ̀-èdè kan lọ gbá bọ́ọ̀lù ní òmíràn, àfi lórí àwọn ìdí díẹ̀ tí kò kan ọmọ wa. Ẹni tó ń ṣèlérí náà ń purọ́, tàbí kó jẹ́ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ló fẹ́ gbà. Àwọn tó mọ̀wé nínú wọn mọ ìdí tí wọ́n fi ń sáré kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀: tí wọ́n bá tà á lọ́jọ́ iwájú, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọdún 12 dé 23. Owó yẹn tọ́ sí ẹni tó tọ́ ọmọ. Ẹni tó kàn kọ orúkọ ọmọ sínú ìwé kò tọ́ ọmọ.

Mo gbọ́ ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ mi akọ́nimọ̀ọ́gbá máa sọ. Tamale jìnnà sí Accra tó nǹkan bí 600 kìlómítà. Tí kò bá sí ìdánwò yìí, ta ló máa rí àwọn ọmọ wa? Ọ̀rọ̀ gidi ni, mi ò sì ní kí wọ́n fòfin dè é. Ohun tí mo ní ni pé kí ọmọ má sanwó kó tó gbá. Kí wọ́n wò ó nínú eré mẹ́rin ó kéré tán, ní ipò tirẹ̀, pẹ̀lú àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ní England, àwọn ẹgbẹ́ Premier League ti dán an wò láti kó àwọn ọmọ jọ gẹ́gẹ́ bí ara wọn ṣe dàgbà sí, dípò ọjọ́ orí nìkan; ọmọ ńlá á rí i pé agbára nìkan kò tó mọ́, ọmọ kékeré á láyè láti darí eré. Ìyẹn kò gba owó ńlá. Ìwọ̀n gíga, ìwọ̀n òṣùwọ̀n àti ìwé àkọsílẹ̀ ló gbà. Kí wọ́n sì sọ fún ọmọ tí wọ́n ní kó máa lọ ohun tó kù fún un, kó má lọ jókòó sílé láì padà sí kíláàsì torí ó rò pé òun ò wúlò fún nǹkan kan.

Ohun kan tún wà tí mi ò rí kí ẹnikẹ́ni máa ṣe. Àwọn aṣàyàn wa mọ orúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n yàn tó ṣàṣeyọrí, wọ́n á máa kà á fún yín láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ mẹ́wàá péré nínú àwọn tí wọ́n lé. Ẹni tí kò mọ ibi tí àwọn tó lé dé, báwo ló ṣe mọ̀ pé ojú òun ń ríran? Kí ẹ̀ka Àjọ Bọ́ọ̀lù Gánà ní àríwá yìí pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tó bá ṣe ìdánwò gbọ́dọ̀ kọ orúkọ gbogbo ọmọ tó wá sílẹ̀, ọjọ́ ìbí wọn, ipò tí wọ́n gbá, àti ìdí tí wọ́n fi ní kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n sì ṣí ìwé náà lójú gbogbo wa lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Tí wọ́n bá ní ìwé bẹ́ẹ̀ ò sí, kí wọ́n dá owó àwọn ọmọ padà.