NÍNÚ ILÉ ÌDÁNÁ: Ẹ̀fọ́ Wo Ni Yóò Bá Adìẹ Yìí Lọ?

Bí adìẹ bá ti wọ inú ilé, ara ẹran ni gbogbo ojú máa ń lọ. A ó máa ro bí a ó ti sè é, bí a ó ti pín in, ẹni tí yóò jẹ itan àti ẹni tí yóò jẹ ẹsẹ̀. Ẹ̀fọ́ ńkọ́? Owó tó bá ṣẹ́kù la fi ń rà á, nígbà mìíràn a kì í tilẹ̀ rà á rárá. Bẹ́ẹ̀ sì ni adìẹ kan ṣoṣo kò lè tó ènìyàn méje tàbí mẹ́jọ jẹ. Ẹ̀fọ́ ni ó ń sọ ọ́ di oúnjẹ ìdílé.

Ẹ̀yin ará Ìkirè àti Àpòmù mọ̀ pé ọjà Àpòmù kì í ṣe ọjà àná. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, a kà pé ibẹ̀ ni àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé láti náwó, àti pé ìjà lórí ataare olówó kékeré nínú ọjà náà wà lára ohun tó fa ogun Òwu. Bí ataare bá lè dá irú ogun bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kí ni itan adìẹ kò lè dá sílẹ̀ nínú ilé? Ọ̀pọ̀ ìjà ọkọ àti aya, ọ̀pọ̀ ẹkún ọmọ, ló ti ibi ẹran pínpín wá. Ilé tí ẹ̀fọ́ bá ti pọ̀ nínú abọ́, ẹran kékeré kì í dá ìjà sílẹ̀ níbẹ̀.

ÌDÍ TÍ Ẹ̀FỌ́ FI YẸ ADÌẸ

Kì í ṣe pé ẹ̀fọ́ kàn ń kún abọ́ nìkan. Ẹ̀fọ́ tútù ní áyọ́ọ̀nù, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ara kì í rí púpọ̀ gbà nínú rẹ̀ bí a bá jẹ ẹ̀fọ́ nìkan. Bí ẹran adìẹ bá wà pẹ̀lú rẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ, ara yóò gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ata tútù àti tòmátì náà ń ràn án lọ́wọ́. Epo díẹ̀ tí a fi ro ẹ̀fọ́ ni ó ń jẹ́ kí ara gba ohun tó ń di fítámì A, èyí tó dára fún ojú àwọn ọmọ wa. Ẹ̀yin aláboyún, ẹ fi èyí sọ́kàn gidigidi.

BÍ A TI LÈ YÀN

1. Bí ó bá jẹ́ adìẹ ìbílẹ̀ pẹ̀lú iyán: Ẹran rẹ̀ le, yóò pẹ́ lórí iná, omi tí a fi bọ̀ ọ́ yóò sì dùn. Ẹ má da omi náà nù. Òun ni kí ẹ fi ro ṣọkọ tàbí tẹ̀tẹ̀, pẹ̀lú irú àti àlùbọ́sà. Ẹ̀yin tí ẹ ní oko kòkó, ẹ wo abẹ́ igi kòkó yín, wọ̀rọ̀wọ́ fẹ́ràn irú ibòji bẹ́ẹ̀. Ó dùn, kò sì náni ní kọ́bọ̀.

2. Bí ó bá jẹ́ àmàlà àti ọbẹ̀ ata adìẹ: Ilá tàbí ẹ̀wẹ̀dú ni kí ẹ sè. Ẹ dín kaun kù, nítorí ó máa ń ba fítámì jẹ́.

3. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gúsí: Ewúro tí a fọ̀ dáadáa ni ó yẹ ẹ́. Ìkorò díẹ̀ tó kù lára rẹ̀ ń gé ọ̀rá ẹ̀gúsí.

4. Bí ó bá jẹ́ ìrẹsì àti adìẹ díndín: Ọ̀pọ̀ gbà pé àfi kábéèjì àti karọ́ọ̀tì. Wọ́n dára, ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn bíi Jọ́ọ̀sì ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá, owó ọkọ̀ sì wà lórí wọn. Ẹ rẹ́ tẹ̀tẹ̀ wẹ́wẹ́, kí ẹ dà á sínú àlùbọ́sà àti ata tó ti gbóná pẹ̀lú òróró ṣíbí kan, kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ó tó ṣú. Àwọn àgbà kúkú sọ pé tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́.

Ọ̀rọ̀ dòdò Ìkirè ńkọ́? Kò sí arìnrìn-àjò tó gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ tí kò mọ adùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá ààlà, tí a fi ata àti iyọ̀ sí, tí a dín nínú epo pupa, kì í ṣe ẹ̀fọ́. Bí adìẹ bá ti jẹ́ díndín, tí dòdò náà sì jẹ́ díndín, epo ti pọ̀ jù nìyẹn. Adìẹ bíbọ̀ àti ẹ̀fọ́ ni kí ẹ fi dòdò sí.

Ẹ ṢỌ́ ÀWỌN NǸKAN WỌ̀NYÍ

Ẹ fọ ẹ̀fọ́ kí ẹ tó rẹ́ ẹ, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rẹ́ ẹ tán kí ẹ tó fọ̀ ọ́, oore inú rẹ̀ yóò bá omi lọ. Ẹ má sè é pẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fọ ọ́ ju ìgbàkígbà lọ, nítorí omi ìdọ̀tí ni àwọn kan fi ń bomi rin ín.

Bí owó bá le, ẹ gbìn ín sẹ́yìn ilé. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà tẹ̀tẹ̀ ti tó jẹ. Ṣọkọ tí a gé yóò tún rú. Ẹ̀ka ewúro àti gbúre tí a rì mọ́lẹ̀ yóò hù. NIHORT, ilé-iṣẹ́ ìwádìí lórí èso àti ẹ̀fọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1975, ti ṣiṣẹ́ lórí àwọn ẹ̀fọ́ ilẹ̀ wa wọ̀nyí, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè wọ́n ní oúnjẹ tálákà.

Ẹ̀yin bàbá, ọ̀rọ̀ kan kù fún yín. Bí ẹ bá ń fún ìyá ọmọ lówó adìẹ, ẹ fi owó ẹ̀fọ́ kún un. Bí wọ́n bá sì gbé oúnjẹ dé, ẹ má ṣe kó gbogbo ẹran sápá kan. Ọmọ tó ń dàgbà nílò rẹ̀ jù yín lọ. Sólómónì ọlọgbọ́n ti kọ́ wa nínú Òwe 15:17 pé ìfẹ́ ni ó ń mú kí oúnjẹ ẹ̀fọ́ dùn ju màlúù àbọ́pa lọ. Ẹ wá wo ilé tí ìfẹ́, ẹ̀fọ́ àti adìẹ bá pàdé!

Ó di oṣù tó ń bọ̀. Kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí ìkòkò yín gbẹ. Àmín.