Owó Orí Tí A Yọ Nínú Owó Oṣù Yín: Ṣé Ó Dé Ibi Tí Ó Yẹ?



Bí oṣù bá parí, agbanisíṣẹ́ a yọ owó orí kúrò nínú owó oṣù yín kí ó tó fi ìyókù lé yín lọ́wọ́. Púpọ̀ nínú wa gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn ni ó gbé owó náà lọ́wọ́. Títí ìjọba yóò fi kọ ọ́ sílẹ̀ lórúkọ yín, ẹ kò ní ẹ̀rí pé ẹ san án.

Òfin fi àkókò sí i. Owó orí tí agbanisíṣẹ́ yọ ní oṣù kan gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìjọba, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ 10 oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Bí ọdún bá yí po, agbanisíṣẹ́ ní títí di ọjọ́ 31 oṣù kìíní láti fi ìròyìn gbogbo ọdún tí ó kọjá ránṣẹ́. Ìròyìn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ owó orí mọ̀ sí fọ́ọ̀mù H1. Orúkọ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, iye tí ó gbà àti iye tí a yọ ni ó máa ń wà nínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní títí di ọjọ́ 31 oṣù kẹta láti ṣe ìròyìn tirẹ̀.

Nítorí náà, oṣù kejì ni oṣù ìbéèrè. Ẹ béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé owó níbi iṣẹ́ yín bóyá orúkọ yín wà nínú ìwé náà, kí ẹ sì fi iye tí ó wà níbẹ̀ wé ìwé owó oṣù tí ẹ tọ́jú. Ẹ wo ìpínlẹ̀ tí a san owó náà fún pẹ̀lú: ibi tí ẹ ń gbé ni òfin ń wò, kì í ṣe ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó ń sùn ní Ọ̀tà, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, Ìpínlẹ̀ Ògùn ni ó ni owó orí rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ iye pàápàá. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, òfin tuntun ti yọ ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó ọdún kúrò lábẹ́ owó orí. ₦2,200,000 tí ó tẹ̀ lé e ń san ìdá 15 nínú 100. Ẹni tí ń gba ₦100,000 lóṣù kò yẹ kí ó san ju ₦5,000 lọ lóṣù. Ẹni tí ó ń san owó ilé lè gba ìdẹ̀kùn ìdá 20 nínú 100 owó ilé náà, tí kò ní ju ₦500,000 lọ, bí ó bá fi ẹ̀rí hàn.

Kí ni ewu ibẹ̀? Ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ ilẹ̀ tàbí iṣẹ́ àgbàṣe ìjọba, ìwé ẹ̀rí owó orí ọdún 3 ni wọn yóò béèrè. Bí ibi iṣẹ́ bá ti kógbá sílé kí ẹ tó mọ̀ pé wọn kò san án, ta ni ẹ óò bi?

Ẹ tọ́jú gbogbo ìwé owó oṣù yín sínú fáìlì kan, kí ìyàwó tàbí ọkọ yín sì mọ ibi tí ó wà. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Kí Ọlọ́run fi ìbùkún sí òógùn ojú wa.