Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ẹ Wo Bálánsì Kí Ẹ Tó Pààrọ̀ Ẹ́ńjìnnì

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ràn mọ́tò àtijọ́ ló gbà pé bí ihò bóòtù bá ti ṣe déédéé, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Irọ́ gbáà ni. Ibi tí ihò ti bára mu gan-an ni ewu fara pamọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká wo Ford Mustang ọdún 1965 sí 1968. Bí ẹ́ńjìnnì 289 rẹ̀ bá kú, èyí tó sábà máa ń wọ àwọn èèyàn lójú ní Amẹ́ríkà ni 302 tí wọ́n yọ lára Mustang ìparí àwọn ọdún 1980, tí wọ́n ń pè ní 5.0. Ìdílé kan náà ni wọ́n, flywheel èkíní sì ń wọ ara èkejì wẹ́rẹ́. Àmọ́ bálánsì wọn kì í ṣe ọ̀kan.

Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì yìí, ìwúwo ara crankshaft nìkan kò tó láti dọ́gba pẹ̀lú písítìn àti ọ̀pá tó gbé e. Ìyókù ni Ford pín sára flywheel lẹ́yìn àti balancer níwájú. Áúńsì 28 ni ti 289 àti 302 àtijọ́. Nígbà tí Ford dín ìwúwo crankshaft 302 kù ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ó di áúńsì 50.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í nìyí: bóòtù 3 ló ń di pulley mú lára balancer àtijọ́, bóòtù 4 ni ti èyí tó dé lẹ́yìn rẹ̀. Kí pulley àtijọ́ má baà ṣòfò, mẹkáníìkì á tú balancer ẹ́ńjìnnì tó kú, á gbé e sórí èyí tó ń wọlé. Áúńsì 22 ti dínkù nìyẹn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, àléébù yìí á máa fa crankshaft kiri bí ẹni so àpò sìmẹ́ǹtì 3 mọ́ ọn. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dé 6,000, ó di àpò 12. Brass á jẹ, flywheel lè sán, crankshaft fúnra rẹ̀ lè kán.

Ti Chevrolet náà ò yàtọ̀: ẹ má gbé flywheel ẹ́ńjìnnì 400 sórí ẹ́ńjìnnì 350. Kódà, 350 tí wọ́n ṣe láti ọdún 1986 ní ìwúwo lára flywheel, ti ìṣáájú kò ní.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ọdún tí wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe ọdún mọ́tò tó ti wá. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti pààrọ̀ crankshaft rẹ̀ rí, nítorí èyí lè yí gbogbo ìṣirò padà. Flywheel àti balancer tó bá crankshaft náà mu ni kí ẹ rà. Kí eyín flywheel sì bá gíà yín mu. Bí ẹ́ńjìnnì bá wà ní títú, ẹ gbé crankshaft lọ fún ẹni tó ń ṣe bálánsì.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń gbọ̀n nígbà tí mọ́tò dúró sójú kan, tí ìgbọ̀n náà sì ń le sí i bí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́, ẹ má di ẹ̀bi rẹ̀ ru taya. Ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì yẹ flywheel àti balancer wò. Owó tí ẹ máa fi rà wọ́n kéré jọjọ sí owó ẹ́ńjìnnì mìíràn.